Aṣọ òkun mi ń jọ yunifọ́ọ̀mù

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Baálẹ̀ ni mo wà l'Óṣogbo níbí. Mo ń ṣe aṣọ kan tí wọ́n á gbé kọ́ ara ògiri, òkun ni mo fẹ́ kó jẹ́. Mo ti pa á láró, mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ búlúù ẹ̀ kàn dọ́gba bíi yunifọ́ọ̀mù iléèwé ni, owó ẹyọ sì ń já bọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, aró yẹn ni ká kọ́kọ́ mú, torí tí aró ò bá ti dáa, ìlẹ̀kẹ̀ garawa kan ò lè bá ẹ tún un ṣe. Mú aṣọ míì, fi ìko di ibi tóo fẹ́ kí ìgbì ti máa hó funfun, dì í le dáadáa, rẹ ẹ́ sómi kóo tó rì í sínú aró. Tóo bá fà á jáde, á kọ́kọ́ ní àwọ̀ ewé, má jáyà, atẹ́gùn ló máa sọ ọ́ di búlúù níṣojú ẹ. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú: má tú u o! Di ibòmíì sí i lórí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, tún rì í, tún fẹ́ ẹ sátẹ́gùn. Ìdì àkọ́kọ́ á funfun, ti ẹ̀ẹ̀kejì á dúró sí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó kù á máa dúdú lọ. Tó bá yá, ìdajì ìsàlẹ̀ nìkan ni kóo máa rì, òkun ẹ á wá jìn.

Má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé ará Óṣogbo ò mọ òkun, àwọn ìyá tó ń fi ìyẹ́ adìẹ àti láfún ya àdìrẹ Olókun n'Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, etí òkun ni wọ́n ń gbé ni?

Ti gọ́ọ̀mù, ó jọ pé iṣẹ́ Jimoh Buraimoh, ayàwòrán Òṣogbo tó mọ̀ nípa fífi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán, lo wò, àmọ́ orí pátákó ni bàbá yẹn ń lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́, pátákó ò sì ń ká bí aṣọ. Rírán ni kóo rán tìẹ. Ra owó ẹyọ tí wọ́n ti gé ẹ̀yìn ẹ̀, so ó lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọ̀kan tó bá já má kó ìyókù lọ. Fi aṣọ tó nípọn tẹ́ ẹ̀yìn kó má baà wọ́ sísàlẹ̀. Tóo bá rí àwọ̀n ìpẹja tó ti gbó, ó máa bá a mu gan-an, ṣùgbọ́n fọ aṣọ tóo pa láró yẹn títí omi ẹ̀ á fi mọ́ kóo tó ran nǹkan funfun kankan mọ́ ọn.