Bí Mo Ṣe Ń Tu Owó Jọ, Bẹ́ẹ̀ Ni Iye Káàdì Ń Lọ Sókè

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti 2023 ni mo ti ń tu owó jọ nítorí káàdì graphics kan ṣoṣo, èyí tó ń ya àwòrán géèmù sójú mọ́nítọ̀. RTX 4090 ló kọ́kọ́ wù mí. Ìgbà tí owó mi fẹ́ẹ́ pé, wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe é, èyí tó kù lórí àtẹ sì ti wọ́n ju ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ. Mo ní kí n kúkú dúró de RTX 5090. Òun náà dé, 1,999 dọ́là ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n n ò tíì rí ẹni tó fẹ́ tà á fún mi ní iye yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Ṣé kí n ṣì dúró? Mọ́nítọ̀ 1440p ni mo ń lò, géèmù nìkan ni mo sì fẹ́ fi káàdì náà gbá. — Adúrómásùn

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Kéèyàn fi nǹkan du ara rẹ̀ fún ọdún méjì nítorí ohun kan, kí ohun náà sì máa rìn síwájú rẹ̀, ó dunni. N ò ní lọ́ ọ̀rọ̀ fún ọ: má dúró mọ́, má sì ra 5090.

Ní 2017 ni mo ra GTX 1080 Ti. 699 dọ́là ni NVIDIA, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwọn káàdì tí o dárúkọ, pè é nígbà tó jáde lóṣù kẹta ọdún náà, mẹ́mọ́rì 11 GB ló wà nínú rẹ̀, agbára káká sì lèèyàn fi lè rí káàdì géèmù tó jù ú lọ. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi lò ó. Mo tú u lẹ́ẹ̀mejì, mo nu ọ̀rá ìtutù tó ti gbẹ lórí chip rẹ̀ (ọpọlọ káàdì náà) kúrò, mo fi tuntun sí i. Mo pààrọ̀ fáànù rẹ̀ kan nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin. Nígbà náà, owó ńlá ni káàdì tó ga jù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ tu owó jọ yóò rà á.

Ní 2018, RTX 2080 Ti dé pẹ̀lú 999, èyí tí NVIDIA fúnra rẹ̀ ṣe sì jẹ́ 1,199. RTX 3090 gba 1,499 ní 2020. 4090 gba 1,599 ní 2022. Oṣù kìíní 2025 ni 5090 wá gun orí 1,999. Lóòótọ́, dọ́là fúnra rẹ̀ ti jó rẹ̀yìn. 699 ti 2017 tó nǹkan bí 900 lóde òní. Ṣùgbọ́n láti 900 dé 1,999, ohun mìíràn ló kó o débẹ̀.

Ní 2021, àwọn tó ń wa Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi káàdì ṣe ìṣirò rẹ̀ nígbà náà, ni gbogbo wa ń bínú sí. Wọ́n ń ra káàdì ní páálí-páálí, RTX 3080 tí wọ́n pè ní 699 sì ń lọ ní ìlọ́po méjì. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án 2022, Ethereum yí ọ̀nà ìṣiṣẹ́ rẹ̀ padà, kò nílò káàdì mọ́. Inú mi dùn débi pé mo sọ fún gbogbo ẹni tó bi mí pé kó ní sùúrù, pé owó ń bọ̀ wálẹ̀. Mo ṣì wọ́n lọ́nà, ó sì ń dùn mí títí dòní. Oṣù méjì àtààbọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni ChatGPT jáde, oníbàárà tí kì í nájà sì wọ ọjà: àwọn ilé iṣẹ́ AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá).

Oníbàárà yẹn ni ìwọ náà ń bá du káàdì. Ilé iṣẹ́ TSMC ní Taiwan ló ń ṣe chip inú káàdì géèmù tuntun NVIDIA àti ti AMD tó ń bá a díje. Òun náà ló ń ṣe èyí tí wọ́n ń kó sínú àwọn gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà AI. Mẹ́mọ́rì ńkọ́? Ilé iṣẹ́ mẹ́ta, Samsung, SK Hynix àti Micron, ló ń ṣe irú èyí tí 5090 ń lò, AI sì ń gbé mẹ́mọ́rì wọn mì bí ìgbà tí iná bá mú pápá. Ní oṣù kejìlá 2025, Micron kéde pé òun máa pa Crucial tì, orúkọ tó fi ń ta mẹ́mọ́rì fún àwa tó ń to kọ̀ǹpútà fúnra wa láti ọjọ́ pípẹ́. RAM (mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà) tó wà nínú èyí tí mo fi ń kọ ìdáhùn yìí, ti Crucial ni. Wo ìṣirò owó NVIDIA fún ọdún tó parí ní oṣù kìíní 2025: ẹ̀ka gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà mú ohun tó ju bílíọ̀nù 115 dọ́là lọ wọlé, ti géèmù jẹ́ bílíọ̀nù 11 àti díẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ lo ni ilé iṣẹ́ náà, ta lo máa kọ́kọ́ dá lóhùn?

5090 ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí 32 GB tó wà nínú rẹ̀. Géèmù kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ máa lo AI lórí tábìlì ara rẹ̀ ló nílò rẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì ń fi káàdì náà pawó, nítorí náà iye tó ń dẹ́rù bà ọ́ kò tu irun kan lára rẹ̀. AMD tó yẹ kó bá NVIDIA figa gbága kò gbé káàdì kankan dojú kọ 5090. Àárín ọjà ló jókòó sí ní 2025.

Wàyí o, mọ́nítọ̀ rẹ. Àmì ìmọ́lẹ̀ bíi mílíọ̀nù 3.7 ló wà lójú 1440p. Ti 4K, tó mọ́ jù ú lọ, jẹ́ mílíọ̀nù 8.3. 4K ni 5090 ti ń fi agbára rẹ̀ hàn. Lórí mọ́nítọ̀ tìrẹ, nínú ọ̀pọ̀ géèmù, CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀) ni yóò máa mí hẹlẹ, káàdì yóò sì máa dúró dè é. Iná tó ń fà tó 575 wáàtì, NVIDIA sì ní kí o ní PSU (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) 1,000 wáàtì. Owó mìíràn nìyẹn. Ra káàdì tó ní 16 GB: RX 9070 XT tí AMD gbé jáde ní 599 lóṣù kẹta 2025, tàbí RTX 5070 Ti tí wọ́n pè ní 749. O lè má rí wọn ní iye yẹn gan-an, ṣùgbọ́n apá rẹ ká wọn lónìí.

9070 XT ló rọ́pò 1080 Ti mi. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gbé gbogbo nǹkan inú géèmù kan sí Ultra, ìwọ̀n àwòrán tó ga jù, mo tún dá a padà sí High tó rẹlẹ̀ sí i, mo ń wo ewé igi, mo ń wo òjìji lára ògiri. Àfi tí mo bá dúró sójú kan pátápátá ni mo tó lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ férémù (iye àwòrán tó ń yọ lójú mọ́nítọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) pọ̀ sí i gan-an ní High. Dán an wò lórí káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ báyìí kó o tó ná kọ́bọ̀.

Ohun kan ṣì kù tí kò gbọ́dọ̀ tàn ọ́. Ní oṣù kìíní 2025, Jensen Huang, ọ̀gá NVIDIA, ní RTX 5070 tó jẹ́ 549 máa ṣe bíi 4090. Férémù tí AI yà wà nínú ohun tó kà, ó lè tó mẹ́ta nínú mẹ́rin. Wọ́n ń mú kí àwòrán máa lọ geerege lójú, ṣùgbọ́n tí o bá tẹ bọ́tìnì, wọn kò ní mú kí géèmù yára dá ọ lóhùn.

Ìbéèrè: Ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 ní káàdì géèmù kan ṣoṣo lè wọ́n ju odindi kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ lọ. Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ lù mí ní jìbìtì? — Ìyá Ọmọ

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Irọ́ kọ́ ló ń pa. Ẹ bi í léèrè irú mọ́nítọ̀ tó ń lò àti ọdún tí CPU rẹ̀ jáde. Bó bá jẹ́ 1080p, tí àmì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré sí ti 1440p, káàdì Intel Arc B580 tí wọ́n gbé jáde ní 249 dọ́là lóṣù kejìlá 2024, tó ní 12 GB, máa tó o dáadáa. Ṣùgbọ́n bí CPU rẹ̀ bá ti gbó, káàdì yẹn kò ní ṣe dáadáa nínú rẹ̀, ẹ lọ wo ti AMD tàbí NVIDIA. Ẹ má gbà kó ra tuntun tó ní 8 GB. Mo ti rí géèmù tí ara ògiri rẹ̀ dà bí amọ̀ tí wọ́n fọwọ́ pa, torí pé mẹ́mọ́rì ti kún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ọmọ jà.

Ìbéèrè: Mo rí 4090 àlòkù tí owó rẹ̀ rọjú. Ṣé kí n rà á? — Ojú Ń Kán Mi

Ìdáhùn: Má sanwó lórí fọ́tò. Àwọn tó ń tún káàdì ṣe ti tú 4090 tí wọn kò bá chip nínú rẹ̀, ẹnì kan ti yọ ọ́ pẹ̀lú mẹ́mọ́rì. Mo ra 3080 àlòkù fún àbúrò mi ní 2021 láìdán an wò. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ojú mọ́nítọ̀ fi kún fún àpá aláwọ̀ ewé, ẹni tó tà á kò sì gbé fóònù mọ́. Jẹ́ kí wọ́n tan án lójú rẹ, kí géèmù tó wúwo ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí HWiNFO, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ooru hàn, wà ní ṣíṣí láti wo ooru mẹ́mọ́rì. Lẹ́yìn náà, pa á, yọ wáyà iná rẹ̀, kí o fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò 16-pin tí wáyà náà ń wọ̀ dáadáa, bóyá ike ibẹ̀ ti yọ́ tàbí ó ti dúdú.