Dókítà, krìmù wo ló máa yọ dúdú oríkèé ìka mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ dókítà. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń lo krìmù tí wọ́n ń pò fún mi. Mi ò bóra o, toning lásán ni. Ara mi ti pupa fòò, ṣùgbọ́n oríkèé ìka mi àti ìgbọ̀nwọ́ mi dúdú bí èédú, tí mo bá sì fi krìmù náà sílẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta, awọ ojú mi á máa ta mí. Ẹni tó ń pò ó ní dúdú tí oòrùn fi bò mí là ń ṣí kúrò, pé awọ mi gangan wà lábẹ́, oríkèé ló le tí kò tíì ṣí. Mo máa ń fi díẹ̀ pa ọmọ mi náà, ọmọ oṣù mẹ́jọ. Krìmù wo ló lágbára tó máa ṣí oríkèé yìí?

ÌDÁHÙN: Kò sí krìmù tí mo fẹ́ dárúkọ fún yín. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé torí ẹ̀ lẹ ṣe kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ "awọ mi gangan wà lábẹ́" yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí gbogbo ìgbà ni mò ń gbọ́ ọ ní kíníìkì, ó sì ń dùn mí, irọ́ tó jọ òótọ́ ni.

Awọ ara pín sí ìpele mẹ́ta. Èyí tó wà lókè ò nípọn ju bébà lọ ní ibi tó pọ̀ jù lára, àfi àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ló ní iṣan ẹ̀jẹ̀, gbòǹgbò irun, ibi tí òógùn ti ń jáde, àti àwọn fọ́nrán collagen tó mú kí awọ lágbára bí aṣọ híhun. Ọ̀rá ló wà lábẹ́ ìyẹn. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ìpele òkè yẹn la ti ń rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní melanocyte, àwọn ló ń ṣe melanin, ìyẹn àwọ̀ dúdú ara wa, wọ́n á wá pín in fún àwọn sẹ́ẹ̀lì àdúgbò wọn, á sì bo àárín sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bí agboòrùn kí oòrùn má bàa bà á jẹ́. Ìsàlẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n ti ń bí sẹ́ẹ̀lì tuntun, á máa gun òkè díẹ̀díẹ̀, tó bá tó nǹkan bí oṣù kan á ṣí dànù. Ṣé ẹ rí i? Láti ìsàlẹ̀ ni dúdú ti ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá hó awọ yẹn títí, ẹ̀jẹ̀ lẹ máa bá, ẹ ò ní bá awọ pupa kankan tó sá pamọ́ síbẹ̀.

Òyìnbó náà ní melanocyte, iye tiwọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, iṣẹ́ tó ń ṣe ló yàtọ̀. Ẹ wo àwọn àfín wa. Melanocyte wọn wà ńbẹ̀ àmọ́ kì í rí melanin ṣe tó, ẹ sì mọ ohun tí oòrùn ń fojú wọn rí, egbò tí kì í jiná, àti jẹjẹrẹ awọ nígbà tí ọjọ́ orí wọn ò tíì tó nǹkan kan. Agboòrùn tí wọn ò ní yẹn lẹ̀ ń sanwó kí wọ́n bá yín gbà kúrò.

Òótọ́ ni pé oòrùn lè mú ara dúdú sí i. Ẹ wo inú apá yín lókè, lẹ́bàá abíyá, níbi tí oòrùn kì í dé. Tó bá jẹ́ pé krìmù yẹn ò dé ibẹ̀, àwọ̀ yín nìyẹn. Ohunkóhun tó bá mú yín pupa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbóra ni, orúkọ yòówù kí wọ́n kọ sára ike.

Mi ò lè fi ojú inú mọ ohun tó wà nínú tiyín, àyẹ̀wò ló máa sọ. Ṣùgbọ́n hydroquinone, clobetasol àti mákúrì la sábà máa ń bá nínú irú ẹ̀. Hydroquinone ń dá iṣẹ́ melanocyte dúró. NAFDAC ò gbà kó ju 2% lọ nínú nǹkan ìpara, àwọn tó ń po krìmù kì í sì í wọn nǹkan kan. Téèyàn bá lò ó pẹ́, ó lè yí padà, kí awọ dúdú bíi pé wọ́n ta yíǹkì sí i, a ń pe ìyẹn ní ochronosis. Wọ́n rí i ní South Africa débi pé wọ́n fòfin de hydroquinone lọ́dún 1990. Awọ oríkèé nípọn, ó ká, gbogbo ìgbà ló ń fi ara ha nǹkan, krìmù kì í ṣiṣẹ́ déédéé níbẹ̀, torí náà krìmù tó tún le sí i lè sọ ọ́ di èyí tó burú ju báyìí lọ.

Títa tí awọ ojú ń ta yín, ó jọ ti clobetasol lójú mi. Steroid tó lágbára gan-an ni, ìyẹn oògùn tó jọ nǹkan kan tí ara wa fúnra ẹ̀ ń ṣe, àwa dókítà máa ń kọ ọ́ fún àìsàn awọ kan, díẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọdún mẹ́ta á ti sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ilà á là sí i, egbò ò ní tètè jiná, tí wọ́n bá sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, okùn tí wọ́n fi rán an lè máa ya awọ. Mákúrì ní tiẹ̀ ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ẹ má kàn jí lọ́la kẹ́ ẹ ju gbogbo ẹ̀ nù o! Tó bá jẹ́ gbogbo ara lẹ fi ń pa, steroid yẹn lè ti mú kí ara yín dáwọ́ dúró láti máa ṣe èyí tó ń ṣe fúnra ẹ̀, téèyàn bá já a lójijì ó lè dá kú. Ẹ lọ rí dókítà awọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kó gbogbo ike náà dání, wọ́n á yẹ ìtọ̀, ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò. Kó tó dìgbà náà, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le ni kẹ́ ẹ fi wẹ̀, ẹ má fi kànìnkànìn bó ara, ẹ má da Izal sómi. Tí ara bá ṣì tutù, ẹ fi òrí tàbí fasilíìnì pa á. Ẹ fi sunscreen SPF 30, ìyẹn krìmù tó ń dí oòrùn, pa awọ ojú láràárọ̀, kẹ́ ẹ sì wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn. Oríkèé á gba oṣù púpọ̀, ó sì lè má padà tán, mi ò ní parọ́ fún yín.

Ọmọ yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Awọ ọmọ oṣù mẹ́jọ fẹ́lẹ́, ara ẹ̀ kéré, steroid tó ń wọlé sára ẹ̀ pọ̀ ju ti àgbàlagbà lọ. Ẹ má dúró de ìgbà tẹ́ ẹ máa ráyè ti ara yín. Lọ́la, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé, ẹ mú ike krìmù náà dání, kẹ́ ẹ sì sọ iye oṣù tẹ́ ẹ ti fi ń pa á, ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́.