Èsì: bọ́tìnnì kan ṣoṣo tó fún géèmù wákàtí 48

Ọ̀rẹ́ mi, o bèèrè bóyá bọ́tìnnì kan lè tó fún géèmù tí èèyàn ti ń fò láti orí pèpéle kan sí òmíràn, tí o fẹ́ ṣe parí láàárín wákàtí 48. Ó tó dáadáa. Nínú Canabalt tí Adam Saltsman ṣe ní 2009, ẹni inú géèmù ń sáré fúnra rẹ̀. Fífò nìkan ló kù fún ọ.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni fífò yẹn. Fi ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe é, kí o lo àpótí onígun mẹ́rin lásán dípò àwòrán. Tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì fẹ́rẹ́, kó fò díẹ̀. Tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó fò ga. Bó bá ti gbé ọwọ́ kúrò nígbà tó ṣì ń gòkè, dín eré ìgòkè rẹ̀ kù sí ìdajì.

Lẹ́yìn náà, jọ̀ọ́, ṣàánú ẹni tó ń gbá a, torí ọwọ́ èèyàn máa ń pẹ́ díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti yẹ̀ kúrò létí pèpéle, ṣì gbà á láyè láti fò fún frame 6 (frame ni àwòrán kọ̀ọ̀kan tí géèmù ń gbé sójú ẹ̀rọ), ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá bí géèmù bá ń ṣe frame 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá sì tẹ̀ ẹ́ kí ẹsẹ̀ tó kanlẹ̀, jẹ́ kí géèmù rántí, kó fò bó bá ti balẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, àmọ́ ọwọ́ wọn á mọ̀ ọ́n.

Orin lè dúró. Tí ẹni inú géèmù bá kú, bọ́tìnnì kan náà ni kí ẹni tó ń gbá a fi tún bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.