Bo oòrùn ná kó o tó gbé fóònù sókè

Okun o, àbúrò. Mo ka ohun tó o kọ. O ní lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí aago mọ́kànlá fẹ́ lù ní Kàbbà, o rí òbìrìkítí ńlá kan tó yí oòrùn ká, o yà á títí, funfun báláú ni fóònù rẹ ń gbé jáde, o wá ń bèèrè bóyá kámẹ́rà lo máa rà. Ẹni tó dá ọ lóhùn ṣáájú mi ní kó o wá kámẹ́rà tó ní lẹ́ńsì gígùn, kó o sì fojú sí i dáadáa. Jọ̀wọ́, má dán an wò. Ohun tó ba ojú ọ̀tún mi jẹ́ gan-an nìyẹn.

Oṣù kẹrin ọdún 2016 ni. Mo lọ ya fọ́tò ìsìnkú àgbà kan ní Ìsánlú. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í nàka sókè, wọ́n ní oòrùn ti dé adé fún bàbá. Lẹ́ńsì 200mm ló wà lórí kámẹ́rà mi. Mo gbé e, mo fi ojú ọ̀tún sí ihò rẹ̀, mo kọjú rẹ̀ sí àárín oòrùn. Omi ń dà lójú mi, mo sì ń fara dà á, torí ẹni tó kọ́ wa ní fọ́tò ní Lọ́kọ́jà ti fi gbogbo ẹnu sọ fún wa pé tí ìkùukùu bá ti bo oòrùn, kò séwu mọ́. Mi ò tiẹ̀ rí òbìrìkítí yẹn nínú lẹ́ńsì. Ó tóbi ju ohun tí lẹ́ńsì gígùn lè gbà lọ. Mo kàn ń wá a kiri lójú oòrùn ni.

Kò dùn mí rárá. Awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú kì í mọ ìrora, ibi tó ti burú nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rí àbàwọ́n kan, bí ìgbà tí epo pupa kán sáṣọ, tó ń bá ojú mi lọ síbikíbi tí mo bá wò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo fọwọ́ bo ojú òsì, mo wo ìyàwó mi. Mo rí gèlè, mo rí etí méjèèjì. Imú ò sí níbẹ̀.

Aago méje àárọ̀ ni mo ti dé ilé ìwòsàn ìjọba. Mo gba káàdì, mo jókòó. Ọ̀sán ló tó kàn mí. Ẹni tó dá mi lóhùn tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú, ó ní Apolo ni. Ojú tí kò pọ́n, tí kò sepin, Apolo báwo? Ó kọ oògùn tí mo máa kán sí i. Mo padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹlòmíì ní awò ojú ni mo nílò. Mo ra awò, imú ìyàwó mi ò padà. Owó lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó bi mí pé, “Kí lo wò?” Ìbéèrè kan ṣoṣo! Ìlọrin ni mo ti rí dókítà tó kán oògùn tó ń mú ẹyinjú là sí mi lójú, tó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi ní oòrùn ló jó o. Ó ní kò sí oògùn tó ń wò ó, pé ara ló máa ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, kì í sì í tún un ṣe tán fún gbogbo èèyàn. Tèmi dín kù, kò tán. Tí mo bá fi ojú ọ̀tún ka nọ́ńbà fóònù, ọ̀kan máa ń pòórá nínú rẹ̀ títí dòní. Tó bá ṣe ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tètè sọ pé oòrùn lẹ wò. Ẹ má dúró de ìbéèrè wọn.

Ohun tó o rí yẹn, yìnyín wẹ́wẹ́ ló ń ṣe é. Bó ti wù kí Kàbbà gbóná tó, otútù ló wà níbi tí ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí awọ inú ẹyin yẹn wà, ó ju kìlómítà 6 lọ sókè. Yìnyín náà ní igun mẹ́fà, ó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ oòrùn, òbìrìkítí náà sì ń jáde ní ìwọ̀n dígírì 22 sí oòrùn. Na apá rẹ tán, ya ìka, fi àtàńpàkò bo oòrùn: orí ọmọńdinrín rẹ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí òbìrìkítí náà. Pupa rẹ̀ inú ló ń wà. Ti òṣùmàrè, òde ni. Àwọn tó ń pín in kiri pé àmì ikú èèyàn ńlá ni, wọ́n da ìyá mi láàmú gidi lọ́dún yẹn.

Yíyà rẹ̀ ò le. Tẹ 0.5 lórí fóònù, ìyẹn lẹ́ńsì tó ń gba ibi tó fẹ̀, bo oòrùn, fa ìmọ́lẹ̀ fọ́tò wálẹ̀, yà á. Láago mọ́kànlá oòrùn ti ga, òpó iná ò ní ràn ọ́ lọ́wọ́. Sún mọ́ ògiri, kí etí páànù bò ó. Èmi a máa so ìdérí agolo mọ́ ọ̀pá ìgbálẹ̀, ọmọ mi a bá mi dì í mú, yóò kẹ̀yìn sí oòrùn, òjìji ìdérí náà á sì bọ́ sójú fóònù. Tí àmì róbótó aláwọ̀ ewé bá wà nínú fọ́tò, sún fóònù náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Tí àmì náà bá ń bá fóònù rìn, inú lẹ́ńsì ló ti wá.

Gíláàsì tí wọ́n fi wo oòrùn nígbà tí òṣùpá bò ó ní oṣù kẹta ọdún 2006, ẹ má fi wo òbìrìkítí o. Oòrùn nìkan lẹ máa rí níbẹ̀, òbìrìkítí á pòórá, gíláàsì àtijọ́ tó ti ha náà sì lè tan yín. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá sọ oòrùn di funfun bí àwo, ẹ má torí ìyẹn tẹjú mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń wá òṣùmàrè, kó kẹ̀yìn sí oòrùn, kó má sì ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti aago mọ́kànlá sí aago méjì ọ̀sán, torí oòrùn ti ga ju dígírì 42 lọ nígbà náà. Ẹ má sì dá gun òkè lọ yà á. Ọ̀nà wa ò dára lásìkò yìí, àrá sì ń bẹ lórí àpáta. Ẹ má gbé kámẹ́rà sókè nítòsí ibi tí àwọn agbófinró ti ń dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n gba tèmi lọ́wọ́ mi nígbà kan, wákàtí mẹ́ta ni mo fi ń ṣàlàyé ìkùukùu fún wọn, wọn ò gbé ojú sókè wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tó o bèèrè. Fóònù rẹ tó, má ra nǹkan kan. Òṣùpá náà máa ń ní òbìrìkítí, bákan náà ni ìwọ̀n rẹ̀, ìyẹn ò sì lè jó ọ lójú. Dúró de ìgbà tó bá fẹ́ kún, gbé fóònù lé orí bíríkì, tẹ ibi tí wọ́n fi ń ya fọ́tò òru, má fọwọ́ kàn án títí yóò fi yà tán. Ìyẹn lèmi ń yà jù báyìí, ojú òsì ni mo fi ń wò ó.