Ẹ má tíì fa dísìkì yẹn yọ

Ẹ̀gbọ́n, mo rí i tí ẹ kọ ọ́ pé iná ìdí dísìkì kan nínú NAS yín (àpótí dísìkì tí à ń so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ní Àjàṣẹ́ ti di pupa, pé TB 4 (tẹ́ráábáìtì) ni àyè dísìkì méjèèjì tó wà níbẹ̀, àti pé ẹ ti ra TB 8 méjì tí ẹ fẹ́ fi pààrọ̀ wọn pọ̀ lálẹ́ òní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná.

Kétu ni mo wà. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe: ìgbéyàwó, òkú àgbà, Gẹ̀lẹ̀dé. RAID 1, ètò tó ń kọ nǹkan kan náà sórí dísìkì méjì, lèmi náà ń lò, ọjọ́ kan náà ni mo sì ra dísìkì méjèèjì. Nígbà tí ọ̀kan kú, mo yọ ọ́, mo ki tuntun bọ̀ ọ́, ọkàn mi balẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ìgbà tí àpótí bá ń ṣàdàkọ sórí tuntun gan-an ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù lórí ògbólógbòó tó kù, torí ó ní láti ka gbogbo ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí kan ibi tí kò dé láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tó dé 71%, mo gbọ́ tìkì, tìkì, tìkì, bí ẹni ń fi èékánná lu àwo tánganran. Ìgbà tó yá, kẹ́kẹ́ pa. Orin Ẹ̀fẹ̀ òru mẹ́ta ló bá a lọ, ohùn bàbá kan tó ti papòdà sì wà níbẹ̀. Títí dòní làwọn ọmọ wọn ń bi mí léèrè rẹ̀.

Torí náà, ohun tí ẹ ò lè pàdánù, ẹ kọ́kọ́ kó o sórí dísìkì ìta kan, ẹ ṣí fáìlì bíi mélòó kan níbẹ̀ wò, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára àpótí. Ẹ má fi RAID 1 ṣe ibi ìpamọ́ o. Fáìlì tí ẹ bá ṣèèṣì pa rẹ́, orí méjèèjì ló ti ń pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wá yọ ọ̀kan ṣoṣo, èyí tó ń tan pupa. Ẹ má wo ti apá ọ̀tún tàbí ti òsì. Nọ́ńbà tẹ̀léńtẹ̀lé tí ojú kọ̀ǹpútà fi hàn ni kí ẹ fi wé èyí tó wà lára dísìkì. Ẹ wá ki tuntun kan bọ ipò rẹ̀. Ṣíṣàdàkọ sórí rẹ̀ lè gba wákàtí 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìsí onduleur (UPS, ẹ̀rọ bátìrì tí kì í jẹ́ kí àpótí kú bí iná bá lọ), pẹ̀lú bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó di ìgbà tí àpótí bá ní gbogbo rẹ̀ ti pé kí ẹ tó kan ìkejì. Àyè ò ní fẹ̀ títí ìkejì náà yóò fi wọlé, torí èyí tó kéré ni RAID 1 ń tẹ̀ lé. Bí ẹ bá wá rí 7.2 dípò 8, wọn ò rẹ́ yín jẹ: 1000 làwọn tó ṣe é fi ń kà, 1024 ni kọ̀ǹpútà fi ń kà.

Ẹ tún wò ó bóyá CMR (èyí tó ń kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn) ni tuntun yẹn tàbí SMR. SMR máa ń kọ nǹkan gun ara wọn bíi páànù òrùlé, ó sì máa ń falẹ̀ gan-an nídìí irú iṣẹ́ yìí.

Ẹ kọ nọ́ńbà iwájú Current Pending Sector (iye ojú ibi tí dísìkì ń fura sí pé òun ò lè kà mọ́) ti dísìkì tí kò pupa ránṣẹ́ sí mi. Bí kì í bá ṣe 0, ẹ má yọ nǹkan kan lónìí.