Ìbejì kan fẹ́ wọ Yunifásítì, èkejì fẹ́ kọ́ṣẹ́ iná

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú làálàá ọmọ. Manchester ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, nọ́ọ̀sì ni mí. Àwọn ìbejì wa ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe A-level. Táíwò ti mọ ibi tó ń lọ: iṣẹ́ apòògùn ló fẹ́ kà. Kẹ́hìndé ni kò jẹ́ ká sùn. Orí rẹ̀ pé, ìṣirò àti físíìsì kì í sú u, àwọn olùkọ́ rẹ̀ sì ní Yunifásítì tó dáa á gbà á láti kọ́ ẹnjiníà. Àfi bó ṣe wá bá wa ní pálọ̀ lóṣù tó kọjá tó ní òun kò lọ Yunifásítì kankan, iṣẹ́ iná lòun fẹ́ kọ́. Ó ní òun fẹ́ máa fa wáyà sílé onílé.

Láti ọjọ́ náà, bàbá wọn kò bá a sọ ju "ṣé o ti jẹun?" lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbàdàn gbọ́, ó ní ṣé torí àtigun òpó NEPA la ṣe gbé ọmọ wá sílùú òyìnbó. Bàbá ọkọ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ti ń pe àwọn méjèèjì ní "dókítà mi" láti kékeré. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ẹ̀wẹ̀, bí ọmọ bá ti ń sún mọ́ méjìdínlógún, ohun tí gbogbo èèyàn máa bi ìyá rẹ̀ ni "Yunifásítì wo ló wọ̀?"

Mi ò fẹ́ fipá mú ọmọ, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n máa fi Táíwò bú Kẹ́hìndé títí ayé wọn. Ṣé kí n gbè é lẹ́yìn ni, àbí kí n bẹ̀ ẹ́ kó kọ́kọ́ gba dìgírì kan kó fi tẹ́ àwọn àgbà lọ́rùn, kó tó wá ṣe èyí tó wù ú?

Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ, ẹ kú ìnáwó. Edùmàrè á dá àwọn méjèèjì sí fún yín. Leeds lèmi ń gbé, ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. Èyí àárín, obìnrin ni, iṣẹ́ káfíńtà ló ń kọ́ báyìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé wá yìí ti wọlé wa rí, ó jókòó, ó jẹun.

Ẹ jẹ́ n ti ìparí ìbéèrè yín bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló léwu jù: pé kó gba dìgírì kan fún àwọn àgbà ná. Rárá o. Owó ilé ẹ̀kọ́ Yunifásítì ní England fún sáà 2025/26 jẹ́ £9,535 lọ́dún kan ṣoṣo, owó yàrá àti oúnjẹ kò sí níbẹ̀. Bó bá yá a, nígbà tí owó tó ń wọlé fún un bá ti kọjá £25,000 lọ́dún, wọ́n á máa yọ ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún lára èyí tó lé, ó sì lè tó 40 ọdún kí wọ́n tó fa igi lé gbèsè náà. Dìgírì tí èèyàn gbà nítorí ojú ayé, ẹni tó gbà á ló ń san án. Àwọn tó wá bá a ya fọ́tò kì í dá sí i. Bó bá wá di ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, á tún padà sídìí wáyà náà, òun àti àwọn tó fi ọdún mẹ́ta jù lọ á jọ máa gbé àkàbà.

Mi ò ní ẹ̀rù tó ń ba bàbá wọn kò nídìí. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù Kínní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀wé rí ló fi ọmọ ránṣẹ́ sí iléèwé. Wọ́n fojú ara wọn rí i: ọmọ àgbẹ̀ di tíṣà, ó di akọ̀wé, ó ń gbowó oṣù, ó fi páànù kan ilé bàbá rẹ̀. Ẹni tí ìwé ti gbà sílẹ̀ lóko kò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìwé. "Dókítà mi" tí bàbá ọkọ yín ń pe àwọn ọmọ, àdúrà ni. Ẹ má gbà á bí àṣẹ.

Ṣùgbọ́n kí ìwé tó dé, ilé ọ̀gá wà. Bàbá á mú ọmọ lọ bá alágbẹ̀dẹ, aránṣọ tàbí gbẹ́nàgbẹ́nà, wọ́n á dá iye ọdún, ọmọ á sin ọ̀gá rẹ̀ títí tó fi máa gbòmìnira. Títí dòní wọ́n ń ṣe fúrídọ̀ọ̀mù ní Mushin, ní Mókólá: ọ̀gá á gbàdúrà, á gbé irinṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́, ẹbí á da aṣọ bolẹ̀, ìrẹsì á sì rìn. Àwọn àgbà mọ gbogbo èyí. Àwa tá a wà láàárín, tí dìgírì gbé dé òkè òkun, lojú ń tì.

Ìyá mi ló là mí lójú sí i. Òun ni ẹ̀rù rẹ̀ bà mí jù. Nígbà tí a pè é lórí WhatsApp pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ń kọ́ káfíńtà, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ta lọ̀gá rẹ̀?" A sọ fún un. "Ṣé ó mọṣẹ́? Ṣé kò ní máa rán an ní ìránkúràn kó má kọ́ ọ níṣẹ́?" Ọmọ bá gbé àpótí kékeré kan tó ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì síwájú fóònù, ó fi igun rẹ̀ hàn án, níbi tí igi méjì ti ki ìka bọ ara wọn. Ìyá ní kó gbé e sún mọ́ òun sí i. Ó wò ó títí. "Ìṣó dà?" Ọmọ ní kò sí ìṣó níbẹ̀. "Kò sí ìṣó, ó sì dì pin-pin báyẹn?" Bí àwọn méjèèjì ṣe bá ọ̀rọ̀ lọ nìyẹn, wọn ò tún rántí pé èmi àti ìyàwó mi jókòó síbẹ̀.

Ẹ wò ó, ìyá mi kò bèèrè ìwé ẹ̀rí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ wà lábẹ́ ẹni tó mọṣẹ́, bóyá ohun tó ń kọ́ lópin, bóyá á lè jẹun níbẹ̀ kó sì fún ará ilé jẹ. Ìbéèrè tí Kẹ́hìndé gbọ́dọ̀ lè dáhùn nìyẹn, ó sì ní ìdáhùn.

Ní England, ẹ̀kọ́ṣẹ́ oníná tó péye máa ń gbà tó oṣù 42. Iléeṣẹ́ kan ló máa gbà á pẹ̀lú ìwé àdéhùn, á máa bá wọn ṣiṣẹ́, á máa lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sì ní san kọ́bọ̀ owó ẹ̀kọ́. Wọ́n á tún sanwó fún un: láti oṣù Kẹrin ọdún 2025 sí oṣù Kẹta ọdún 2026, £7.55 ní wákàtí kan ni owó tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Bó bá ti pé ọmọ ọdún 19, tó sì ti lo ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ pé, owó tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu ni wọ́n á máa san. Ìdánwò ìkẹyìn tí wọ́n ń pè ní AM2S kì í ṣe ti ẹlẹ́nu dídùn: á fa wáyà, á so ó, á yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú mítà, wọ́n á sì fi àbùkù pamọ́ síbì kan kó wá a rí. Ìwé òfin wáyà tí wọ́n ń lò níbí, BS 7671, ẹ ní kí bàbá wọn ṣí i wò lọ́jọ́ kan. Orí pípé ọmọ yín kò ní ṣòfò.

Kí wọ́n sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn ẹnjiníà kò tì. Ẹni tó bá parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ lè ṣe HNC, ìwé ẹ̀rí tó ga ju ti ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ àmọ́ tí kò tó dìgírì, kó tibẹ̀ bọ́ sí dìgírì, àwọn iléeṣẹ́ kan a sì máa san owó rẹ̀. Ohun méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn ṣáájú: owó ọmọ tí ìjọba ń san fún yín á dáwọ́ dúró ní ti Kẹ́hìndé lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́, bí ìwé ìgbélùú yín kò bá sì tíì yanjú tán, ẹ wádìí ní kíákíá, torí ìjọba máa ń wo irú ìwé tí ọmọ ní àti iye ọdún tó ti lò níbí kí wọ́n tó fowó sí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ kọjú sí Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀. Kó parí A-level, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni kó wá ẹni tó máa gbà á, kì í ṣe ẹ̀yin. Àyè wà lórí ìkànnì ìjọba, ṣùgbọ́n àwọn tó ń du ú pọ̀. Kó fi orúkọ sílẹ̀ náà ní UCAS, ibi tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù Yunifásítì, kó má sì kọ àyè Yunifásítì títí ìwé àdéhùn iléeṣẹ́ kan á fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ṣáájú ìyẹn, ẹ bá a wá oníná tó lè tẹ̀ lé lọ sẹ́nu iṣẹ́ nígbà ìsinmi, kó lọ rákò lábẹ́ pákó ilẹ̀ nínú òtútù oṣù Kejì kó mọ bó ṣe ń ṣe. Bí ó bá délé tí ẹnu rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ náà wù ú lóòótọ́ nìyẹn. Ọmọ mi a máa jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnikẹ́ni kì í jí i. Ẹni tí a ń fi omi tutù jí lọ sí iléèwé tẹ́lẹ̀ ni o!

Ẹnìkan á dárúkọ Fẹlá fún yín, wọn kì í yéé dárúkọ rẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n rán an lọ sí London ní 1958 kó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, ó yí sí orin, nígbà tí Olikoye àti Beko, ọmọ ìyá rẹ̀, di dókítà. Èyí tí wọn kì í fi kún un ni pé Fẹlá wọ Trinity College of Music, ó jókòó kọ́ orin lábẹ́ olùkọ́.

Ẹni tó yẹ kó sọ fún bàbá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde ni bàbá wọn, kó sì sọ ọ́ kí ẹ̀gbọ́n yín tó ta á sí wọn létí. Ẹ má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ó kọ̀, kò lọ Yunifásítì". Kó sọ orúkọ iléeṣẹ́ tó gbà á, iye ọdún tó máa lò àti ìdánwò tó máa ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, kí Kẹ́hìndé pè wọ́n fúnra rẹ̀, kó dọ̀bálẹ̀ níwájú fóònù, kó ní kí wọ́n ṣàdúrà sí iṣẹ́ òun. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, "ó ti ríṣẹ́ kọ́, wọ́n sì ń sanwó fún un" ti tó. Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ rọra bi wọ́n pé ta ló so inverter mọ́ ilé wọn, èló ló sì gbà.

Ẹ lè ní kí Kẹ́hìndé máa mú owó díẹ̀ wá fún oúnjẹ ilé tó bá ti ń gbowó, ìyẹn á kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ẹ má kàn sọ ọ́ di ẹni tó ń gbọ́ bùkátà Táíwò. Nínú àṣà wa, Kẹ́hìndé làgbà, òun ló rán Táíwò wá tọ́ ayé wò. Bóyá Yunifásítì náà ló tún rán an lọ tọ́ wò.

Táíwò gan-an ńkọ́? Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yín, ẹ ní ó ti mọ ibi tó ń lọ, ẹ ò sì sọ ìdí. Nínú ilé tí bàbá àgbà ti ń pe èèyàn ní dókítà láti kékeré, ọmọ tó dákẹ́ lè jẹ́ pé kò fẹ́ jà ni. Inú oṣù Kínní ni gbèdéke UCAS máa ń pé fún iṣẹ́ apòògùn. Kó tó fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ pe òun náà jókòó ní pálọ̀, kí ẹ bi í ní gbogbo ohun tí ẹ bi Kẹ́hìndé.