Ẹ Bi Wá: Ọ̀nà Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Gàmbàrí Gbà, àti Èyí Tí Ọmọ Yín Lè Gbà

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn kan ní àdúgbò wa máa ń pe Ọ̀jọ̀gbọ́n Ibrahim Agboọlá Gàmbàrí ní ambásédọ̀ Nàìjíríà, àwọn mìíràn ní UN ni wọ́n bá ṣiṣẹ́. Èwo ni ká gbà? (Oníwèé kan, Adéta, Ìlọrin)*

Ẹ gba méjèèjì, àmọ́ ẹ má pò wọ́n pọ̀. Láti oṣù kìíní 1990 títí wọ 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gàmbàrí ni aṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, UN, ní New York. Ẹni tó bá wà ní ipò yẹn, ọ̀rọ̀ tí ìjọba ilé fi rán an ni yóò jẹ́, ìbáà dùn mọ́ ọn, ìbáà má dùn mọ́ ọn. Olórí ìjọba márùn-ún ló rán wọn níṣẹ́: Babangida, Ṣónẹ́kàn, Abacha, Abdulsalami àti Ọbásanjọ́. Nígbà tí ìjọba Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa ní oṣù kọkànlá 1995, tí ayé gba ariwo, ẹni tó jókòó sórí àga Nàìjíríà ní New York ni gbogbo ìbéèrè ń já lé lórí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti ń korò.

Láti 1999, UN fúnra rẹ̀ ló gbà wọ́n síṣẹ́, ní ipò Under-Secretary-General, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá tó wà lábẹ́ Akọ̀wé Àgbà. Ẹni tó bá wọlé síbẹ̀, Abala 100 nínú òfin àjọ náà kò gbà á láyè kó gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kankan, títí kan ìjọba tó bí i. Wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ olùdámọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ Áfíríkà, wọ́n ṣojú UN ní Angola lẹ́yìn tí ogun ibẹ̀ parí ní 2002, wọ́n darí ẹ̀ka ètò òṣèlú láti 2005 sí 2007, wọ́n sì ṣe olórí iṣẹ́ àlàáfíà Darfur, ní Sudan, láti 2010 sí 2012. Iṣẹ́ Darfur yìí, UN àti Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ló jọ ni ín, sójà tí wọ́n fàyè gbà síbẹ̀ tó 19,555.

*Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Màlété. Mo gbọ́ pé Gàmbàrí ni alága Ìgbìmọ̀ Ààbò UN (Security Council) ní ọdún tí wọ́n pa àwọn ènìyàn Rwanda nípakúpa. Kí ló dé tí alága ò lè dá a dúró?*

Alága Ìgbìmọ̀ Ààbò kì í ṣe ọ̀gá ìgbìmọ̀ náà. Orílẹ̀-èdè 15 ló wà níbẹ̀, oṣù kan péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń ṣe alága, wọ́n sì ń tò ó bí lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ìlú wọn ṣe tẹ̀léra ní Gẹ̀ẹ́sì. Alága ló ń ṣètò ohun tí wọn yóò jíròrò, òun ló ń pe ìpàdé, òun ló ń bá oníròyìn sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo wọn. Kí ìpinnu tó dúró, ìbò mẹ́sàn-án gbọ́dọ̀ pé, kí ọ̀kankan nínú àwọn márùn-ún tó ń jókòó títí (Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Faransé àti Bìrìtìkó) má sì fagi lé e.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin 1994, tí ìpakúpa náà ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbìmọ̀ dín sójà UN tó wà ní Rwanda kù sí nǹkan bíi 270. Gbogbo wọn ló dìbò sí i, Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Oṣù karùn-ún ló kan Nàìjíríà láti ṣe alága. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, ìpinnu 918 gbà kí sójà di 5,500. Lórí ìwé, ó dára. Àmọ́ UN ò ní sójà tirẹ̀: orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda ọmọ ogun, kí ẹlòmíràn wá ọkọ̀ òfuurufú àti mọ́tò ológun. Àwọn tó ní ohun èlò falẹ̀, nígbà tó sì fi di oṣù keje tí ogun parí, sójà tí wọ́n ṣèlérí ò tíì pé. Nítorí náà, bí ẹ bá ka ìpinnu UN nínú ìwé ìròyìn, ẹ wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan kíákíá: ta ni yóò mú sójà wá?

*Òjíṣẹ́ pàtàkì tí UN ń rán lọ sí ìlú tó dàrú, kí ló ń mú dání? (Òǹkàwé, Ọ̀fà)*

Ọ̀rọ̀ ẹnu àti orúkọ Akọ̀wé Àgbà. Ní Myanmar, ní Éṣíà, níbi tí UN rán Gàmbàrí lọ, wọ́n rí Aung San Suu Kyi, olórí ẹgbẹ́ alátakò, tí ìjọba ológun há mọ́lé nígbà tí ọ̀pọ̀ ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 2008, obìnrin náà kọ̀, kò yọjú sí wọn. Ohun tó ń ba iṣẹ́ òjíṣẹ́ jẹ́ nìyí: àwọn ológun lè gba òjíṣẹ́ lálejò láti fi han ayé, kí wọ́n má yí ohunkóhun padà, ẹni tó wà ní àhámọ́ á sì rò pé wọ́n ń lo àlejò náà.

*Ọmọbìnrin mi fẹ́ parí sẹ́kọ́ńdìrì, ó sì ń lọ ilé-kéwú. Iṣẹ́ yìí ló wù ú. Níbo ni kó gbà? (Ìyá ọmọ, Òkè-Àgbèdè, Ìlọrin)*

Ọ̀nà mẹ́ta ni. Ti Gàmbàrí jẹ́ ti ọ̀mọ̀wé: London School of Economics ní 1968, oyè ọ̀mọ̀wé ní Columbia ní 1974, olùkọ́ ní ABU Zaria, kí ìjọba tó fi wọ́n ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní 1984. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò lè fọkàn sí i pé ìjọba yóò ránṣẹ́ pe ọmọ yín.

Ìkejì ni iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ẹ̀ka ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tó ní díígírì ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpele 8, tí wọ́n ń pè ní akọ̀wé kẹta (Third Secretary), yóò máa gun un díẹ̀díẹ̀. Ìpín wà fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ tètè gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Ìkẹta ni ìdánwò UN fún àwọn ọ̀dọ́, tí wọ́n ń pè ní YPP. Díígírì kan tó, ọjọ́ orí kò gbọ́dọ̀ ju 32 lọ, kó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé dáadáa, kí Nàìjíríà sì wà lára àwọn ìlú tí wọ́n pè lọ́dún náà. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìbáṣepọ̀ àgbáyé nìkan ni wọ́n ń wá. Ọrọ̀ ajé, ìṣirò, òfin àti kọ̀ǹpútà náà ń wọlé.

Ilé-kéwú rẹ̀ wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ. Èdè Lárúbáwá wà lára mẹ́fà tí UN ń lò. Ohun tó sábà ń da ọmọ Ìlọrin rú ni pé ó ń kà á, ó ń há a sórí, kò lè fi kọ lẹ́tà, kò lè fi bá ènìyàn jiyàn. Ẹ jẹ́ kó máa gbọ́ ìròyìn Lárúbáwá lórí rédíò lójoojúmọ́, kó sì máa kọ àkópọ̀ rẹ̀ ní ojú ìwé kan, kí álùfáà rẹ̀ tún un ṣe.

Ẹ wo orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ Rukayat lórí WAEC, Ruqayyah lórí NIN, Rokibat lórí ìwé ọjọ́ ìbí, ẹ tún un ṣe kó tó wọ yunifásítì.

*Ẹnìkan ní kí n san owó fọ́ọ̀mù kó bá mi wọ UN. (Òmù-Àrán)*

Ẹ má san án. UN kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, ì báà jẹ́ ti fọ́ọ̀mù, ti ìdánwò tàbí ti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Orí careers.un.org ni fọ́ọ̀mù wà, ọ̀fẹ́ ni.